Àwọn Olùgbọ́ Ẹ̀yìn Òkè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìwà ọmọlúàbí ṣe ń kóni sí wàhálà, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú obìnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan rí lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn òkè.

Ilé iṣẹ́ rédíò tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá méjì lọ, lórí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Bí aránṣọ bá ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò máa gbọ́ ọ lábẹ́ ìròyìn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òpó tuntun tó ga kí ohùn wọn lè jìnnà sí i, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n lè kọjú áńtẹ́nà orí rẹ̀ sí. Ṣé odò ni, àbí òkè? Ẹnjiníà wọn, tí wọ́n ń pè ní Wáyà nítorí pé wáyà kì í tán nínú àpò rẹ̀, ní odò ni.

"Ojoojúmọ́ làwọn ará etí odò ń ráhùn pé ohùn wa ń já," ló wí. "Àwọn ará ẹ̀yìn òkè ò ráhùn rí. Wọ́n ní ketekete làwọn ń gbọ́ wa."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yìn òkè ni bàbá rẹ̀ ń dá gbé, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí bàbá máa jáde mọ́. Nítorí rẹ̀ gan-an lọmọ ṣe gba ètò ìrọ̀lẹ́, kí ohùn òun lè máa bá a gbélé. Bó bá ti pè é lẹ́yìn iṣẹ́, bàbá á ní, "O ṣe dáadáa lónìí, ọmọ mi. Orí mi wú."

Lọ́jọ́ tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a di ipò rẹ̀ mú, ó yọ sí bàbá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá a lórí àga, rédíò wà létí rẹ̀. Kí ni rédíò ń sọ? Ṣááá. Kò sí ohùn ènìyàn kankan níbẹ̀, bàbá sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n.

"Ta nìyẹn?" bàbá ní láìyíjú. "Ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọmọ mi."

"Bàbá mi, èmi rèé o."

Bàbá yíjú. Ó wo ọmọ, ó wo rédíò. Ara bù ú máṣọ.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ mi rí ni?"

"Bójú ọjọ́ bá dáa, mo máa ń gbọ́ 'ẹ káalẹ́.'"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ń yìn mí?"

"Ṣé kí n ní mi ò gbọ́ ni, kí ọ̀gá yín wá ní o ò mọṣẹ́? Gbogbo àdúgbò la fẹnu kò lórí ẹ̀. Ọmọ wa ni ẹ́."

Inú bí i, ojú sì tún tì í pé inú bí òun. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó rò pé òun wà lọ́dọ̀ bàbá òun, ariwo lásán ni bàbá ń bá jókòó. Ó dùn ún wọra.

"Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ kọjú áńtẹ́nà tuntun sódò, bàbá mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá gba fóònù ọmọ, ó sọ òótọ́ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò. Ọmọ wá ń lọ láti ilé dé ilé ládùúgbò, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ òun. "Ketekete!" ni onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ pariwo. Ó bi í pé kí ni wọ́n sọ lórí rédíò lánàá, onígbàjámọ̀ bá ń họrí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ọ̀gá kò sinmi, gbogbo àdúgbò ń pè é láti jẹ́wọ́.

"Àṣé àwọn tó ń gbọ́ wa ló ń bú wa," ni ọ̀gá wí, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á, "àwọn tí ò gbọ́ ló ń yìn wá!"

Bí Wáyà ṣe kọjú áńtẹ́nà sí òkè nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé òkè yẹn ga, ó lè má ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó sídìí iṣẹ́. Ó ka ìròyìn, ikọ́ bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó tọrọ àforíjì, ó ń bá a lọ. Bó ti parí, fóònù dún.

"Bàbá mi, ẹ gbọ́?"

"O ń yára jù. Ta ló ń lé ẹ?"

Bàbá rẹ̀ kò bá a wí rí lórí iṣẹ́ yìí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ikọ́ yẹn ńkọ́?" bàbá tún ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìgbà wo ló ti ń ṣe ẹ́, tí o ò sọ fún mi?"