Ẹ̀ẹ̀kan Ló Bi Í ní Kilkenny

Ní ọjọ́ tí Fintan Delahunty mú ìyá rẹ̀ lọ wo ìlú Kilkenny, ó bi í bóyá kí òun padà wálé wá máa gbé, ìyá ní rárá, ọmọ sì gbà á gbọ́.

Nonie ni orúkọ ìyá náà. Láti ìgbà tí Mossie ọkọ rẹ̀ ti kú ni gbogbo nǹkan ti rí lára rẹ̀ bí apá tí èèyàn sùn lé lórí: apá wà níbẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ń bọ́ màlúù, ó ń jẹun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Fintan ti Perth dé, lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, tó dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé omi tíì á ti máa hó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Kilkenny yẹn, Nonie bi í bóyá á jẹ sọ́sééjì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, ẹ fún mi."

Nonie dúró, ó di páànù mú. Ó ti múra àtirọ̀ ọ́. Lágbègbè wọn, ọmọdé àti àlejò nìkan ló ń gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Rárá àkọ́kọ́, ti ọmọlúàbí ni. Èkejì, èèyàn fi ń wo ojú ẹni tó ń bi í ni. Ẹ̀kẹta ni ìdáhùn. Mossie gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló bi í kó tó gbà láti fẹ́ ẹ, inú òjò ló sì dúró sí.

Wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé olódi tí àwọn ìjòyè àtijọ́ kọ́ sí etí odò Nore. Àwòrán àwọn òkú olówó kún ògiri. Fintan ń ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màámi, ẹ wo eléyìí. Ó jọ Kehoe."

Kehoe ni aládùúgbò wọn tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiwọn pààlà.

"Ó jọ ọ́," ni Nonie wí. "Òun náà ń wo ilẹ̀ onílẹ̀."

Fintan bú sẹ́rìn-ín. Nonie gbọ́ ẹ̀rín náà bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò.

Nígbà tí wọ́n jáde sórí koríko, ó ní, "Ṣé kí n ra áìsìkiriìmù fún yín?"

"Rárá o, má dààmú."

Fintan lọ, ó sì mú ẹyọ kan bọ̀. Ó ń lá a.

Nílé tíì, obìnrin onílé oúnjẹ dúró tì wọ́n. "Ìyá, ẹ̀ẹ́ jẹ kéèkì ápù?"

"Rárá, mo ti yó."

"Díẹ̀ péré."

"Ó ti o, ẹ ṣeun."

"Ẹ má jẹ́ ká jà lónìí o, Ìyá! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

"Ó dáa. Kékeré báyìí."

Èyí tí obìnrin náà gbé wá tó búlọ́ọ̀kù. Fintan wo ìyá rẹ̀. "Ebi ń pa yín, ẹ̀ ń ní rárá?"

"Ebi ò pa mí." Ó jẹ ẹ́ tán, kò mọ̀ bóyá ó dùn.

Lẹ́yìn náà wọ́n gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Canice Mímọ́, níbi tí ilé ìṣọ́ róbótó kan dúró sí láàárín àwọn sàréè. Àkàbà ni wọ́n ń gùn nínú rẹ̀ dé orí. Nonie ní ẹsẹ̀ òun ò lè gbé e. Wọ́n jókòó sórí ògiri kúkúrú kan.

"Màámi," ni Fintan wí, "ilé kan wà ní Perth tí mo fẹ́ rà. Tí n bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ó parí nìyẹn, ibẹ̀ ni màá wà. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí n wá sílé, kí n máa bá yín wo àwọn màlúù, mi ò ní rà á. Ṣé kí n wá?"

Nǹkan kan gún Nonie láyà, bí abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà sínú apá tó ti kú. Ohun tó ń fẹ́ nìyí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì dáhùn.

"Rárá o. Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Mo wà dáadáa."

Ó pa ọwọ́ pọ̀ lórí itan, ó ń dúró.

Fintan gbójú sókè wo orí ilé ìṣọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó mí jáde, Nonie ò sì mọ̀ bóyá èémí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni, tàbí ti ẹni tí wọ́n lé.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n sáré gun òkè yìí wò."

Nígbà tó yọrí lókè, ó juwọ́ sí i. Nonie náà juwọ́.

Lójú ọ̀nà ilé, ó retí ìbéèrè náà lórí afárá. Ó retí rẹ̀ nílé epo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣebí ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, tí Fintan bọ́ sílẹ̀ láti ṣí i, ó la ẹnu.

"Fintan."

"Màámi?"

"Tí a bá wọlé tán, ti géètì yẹn dáadáa."

Ó tì í dáadáa.

Fintan padà lọ, ó ra ilé náà. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń pè. "Ṣé ẹ wà dáadáa?" "Mo wà dáadáa." "Ó dáa."

Nínú òtútù oṣù Kejì, Kehoe wá. Ó jókòó ní kíṣìnnì, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ò ti ní bọ̀ wálé mọ́, ṣé Nonie á ta pápá Mossie fún òun? Nonie ní rárá. Kehoe mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ òjò, ó tún bi í. Nonie wo ojú rẹ̀, ó ní rárá. Kehoe rọra gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

Bí pápá Mossie ṣe di ti Kehoe nìyẹn.