Omi Tó Ru Wúrà

Inú ń bí Hàkímù nígbà tó wakọ̀ kúrò ní báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Plateau nílùú Niamey lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Òun àti Zàlìhà ìyàwó rẹ̀ ti jọ sọ pé àwọn máa lọ kí ìyá ìkókó kan ní àdúgbò Talladjé, ṣùgbọ́n Zàlìhà kò gbé fóònù. Ó gba orí afárá odò Ọya kọjá sí yunifásítì tí Zàlìhà ti ń ṣèwádìí òkúta. Ó bá a ní yàrá ìwádìí, níbi tó ti tẹ ojú mọ́ awò tó ń sọ ohun tín-ín-rín di ńlá.

"Zàlìhà, o mọ̀ pé wọ́n ń retí wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Yínká, attends, ẹ mú sùúrù. Ẹ wá wò ó ná."

Ìjà ló fẹ́ jà, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ wo inú awò náà. Nínú òkúta funfun tó mọ́ bíi gíláàsì, ó rí ẹ̀kán omi bín-ín-tín kan, ìhó róbótó sì ń sáré kiri nínú rẹ̀.

"Ta ló fi omi síbẹ̀?"

Zàlìhà rẹ́rìn-ín. Niamey ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé, nítorí náà ó ń fọwọ́ wá ọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ilẹ̀ abẹ́ òkun ló máa ń rì wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Omi ti wọ òkúta rẹ̀ lára. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀, ooru àti ẹrù ilẹ̀ á fún omi yẹn jáde. Omi oníyọ̀, ó gbóná gan-an! Á máa gòkè, á máa yọ́ ohun tó bá bá lọ́nà mọ́ra: bàbà, wúrà, àti àwọn èròjà tí ojú ò lè rí. Tó bá débi tó tutù, á sọ ẹrù kalẹ̀ sínú ibi tí òkúta ti là, díẹ̀ nínú omi náà á sì há sínú òkúta tuntun tó ń dì níbẹ̀. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni wúrà apá ìwọ̀-oòrùn wa níbí ṣe débẹ̀, bíi bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn."

Hàkímù sún mọ́ awò náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó wò ó.

Zàlìhà ń fi ẹ̀rọ oníná kékeré mú òkúta náà gbóná díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ooru tí ìhó yẹn bá ti pòórá ni yóò jẹ́ kó mọ bí omi náà ṣe gbóná tó, ó kéré tán, nígbà tí òkúta há a mọ́. Bó bá kánjú, ẹ̀kán omi náà á bẹ́. Ìhó ti ń kéré lọ nígbà tí iná mànàmáná lọ.

"Háà!" Hàkímù pariwo.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta lónìí nìyẹn," ni Zàlìhà wí. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Hàkímù wò ó. Ó pe Talladjé, ó bẹ̀ wọ́n pé ó di ọ̀la.

Nígbà tí iná dé, Zàlìhà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu awò. Ìhó náà di ojú abẹ́rẹ́, ó sì pòórá.

"Voilà, òun nìyẹn! Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ooru omi tó ń hó!"

Bó ṣe ń tutù, ìhó náà ṣàdédé yọ padà. Hàkímù bú sẹ́rìn-ín.

"O kú iṣẹ́, omi! Zàlìhà, ìwọ náà kú iṣẹ́." Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Wúrà ńkọ́, ó ṣì wà nínú rẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó lè ti sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀." Ó sún òkúta náà díẹ̀ lábẹ́ awò, àwọn ẹ̀kán omi mìíràn sì kún ibẹ̀ lọ rẹrẹ. "Ẹ yan èyí tó wù yín ká tún dán wò."

Hàkímù bẹ̀rẹ̀ síwájú awò náà, kò sì yára yàn.