Fèrèsé Kẹfà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Hester ka fèrèsé níta ilé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mẹ́fà ni. Ó wọlé, ó tún un kà, ó di márùn-ún. Ó ti lo ogójì ọdún ó lé mẹ́ta nínú ilé olókùúta yìí, kò sì kà á rí. Ta ló ń ka fèrèsé ilé ara rẹ̀?

Yàrá tí Clement ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ ni ìkẹfà yẹ kó wà. Níta, férémù rẹ̀ hàn kedere, òkúta ni wọ́n fi dí i. Nínú, ògiri lásán ni. Bẹ́ẹ̀dì Clement kò sì gba ẹnu ọ̀nà tóóró yàrá náà jáde. Gbogbo ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ju kó rí ọgbà ápù rẹ̀ kí òdòdó tó re tán. Káńsù ò gbà kí wọ́n lu ihò tuntun sára ilé àtijọ́, àmọ́ bí fèrèsé bá ti wà níbẹ̀ rí, wọ́n lè ṣí i.

Denzil bíríkìlà ha ẹfun ara ògiri kúrò, ó mirí.

“Màmá, fèrèsé ò wà níbí rí o.”

“Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni? Mo rí i níta.”

“Ẹ rí i lóòótọ́. Yàrá tí wọ́n ń tọ́jú wàrà sí nibí tẹ́lẹ̀, wọn ò fẹ́ kí oòrùn wọ̀ ọ́. Àmọ́ wọ́n fẹ́ kí iwájú ilé dọ́gba, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Wọ́n kàn gbẹ́ àwòrán fèrèsé yẹn sára òkúta níta ni.”

“Fún ẹni tó ń kọjá lọ?”

“Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ.”

“Hester,” Clement pè látorí bẹ́ẹ̀dì, “ṣé wọ́n ti ṣí i?”

 Hester ní kí Denzil bá òun gbé dígí ìmúra òun wá. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú yàrá Clement, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lè máa rí ọgbà nínú rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí sílẹ̀.

Clement wò ó pẹ́.

“Ta ló gbé igi ápù ńlá lọ sápá òsì? Ọ̀tún ni mo gbìn ín sí.”

Hester sáré jáde lọ wo igi. Ọ̀tún ló wà. Ó padà wo dígí. Òsì ni. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀.

“Ilé tó ti ń parọ́ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá,” ó ní, “ṣé ìwọ ni kò ní parọ́ fún?”

“Irọ́ yìí dára. Má tilẹ̀kùn.”

Òtútù wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Hester wọ kóòtù, kò tilẹ̀kùn.