Àwòrán Tí Àgbékẹ́ Fi Sílẹ̀

"Gé ìpínrọ̀ yẹn kúrò," ni Oyèṣọlá, olóòtú ìwé ìròyìn wọn ní Òṣogbo, wí. "Ṣé àjọ̀dún wa la fẹ́ ṣe ni àbí òkú?"

Èyítáyọ̀, akọ̀ròyìn wọn, ló kọ ọ́ fún àjọ̀dún ìwé ìròyìn náà. Ìtàn Pennsylvania Gazette ni, ìwé ìròyìn kan tó gbayì ní Amẹ́ríkà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó ti ròyìn ìgboyà wọn tán. Ó wá fi kún un pé ìwé kan náà máa ń gba ìpolówó lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú: ẹrú mi sá lọ, bó ṣe rí nìyí, ẹ bá mi mú un.

"Òótọ́ ni, sà."

"Mi ò ní irọ́ ni. Àyè ni mò ń wá." Oyèṣọlá na àwòrán kan sí i. "Èyí ló máa wọ ibẹ̀."

Èyítáyọ̀ mọ àwòrán náà. Àgbékẹ́, opó ará Ìwàrà, ló fi í sílẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Erùpẹ̀ sàréè ọkọ rẹ̀ kò tíì gbẹ tí Nehemiah, àbúrò ọkọ, fi tì í síta, tó gba ilé, tó gba oko kòkó. Àgbékẹ́ ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ kí ayé gbọ́. Nehemiah náà gbọ́, ó sì gbé àpòòwé owó wá fún olóòtú. Àpòòwé kì í pẹ́ kó tó fọhùn o. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán opó nìyí: "ÌKÌLỌ̀! Obìnrin yìí jí ẹrù òkú, ó sì sá kúrò nílé wa. Ẹni tó bá gbà á sílé, ó wà lọ́rùn ara rẹ̀."

"Sà, ìyá yìí ló fọwọ́ ara wọn mú àwòrán yìí wá fún wa."

"Ó dáa náà. Kò ní jẹ́ ká máa wá òmíràn kiri. Bá mi gé ìpínrọ̀ yẹn, jọ̀ọ́."

Ó gé e. Kò dùn ún, kò dùn mọ́ ọn. Ara rẹ̀ kàn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde, Àgbékẹ́ dé. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ara rẹ̀.

"Yéè! Èmi rè é! Olúwa, o ṣé o!" Ó ra ìwé ìròyìn náà kún báàgì. "Ọmọ mi, bá mi ka ohun tí ẹ kọ."

Oyèṣọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Èyítáyọ̀ rọra sún ìka rẹ̀ sókè, kúrò lábẹ́ àwòrán, sórí ìtàn Amẹ́ríkà.

"Ìwé ìròyìn yìí kò bẹ̀rù ọba, kò bẹ̀rù ìjòyè. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ń gbé síta."

"Àmín! O ò ní kú ní kékeré, ọmọ mi. Mò ń padà sí Ìwàrà báyìí. Ojúlé dé ojúlé ni màá pín in. Wọ́n á kà á sókè láàfin, etí gbogbo ayé á gbọ́."

"Ẹ kú orí ire, mà," ni Èyítáyọ̀ wí. Báàgì náà wúwo, ó sì bá a gbé e dé ìdí ọkọ̀ Iléṣà, ọ̀nà Ìwàrà.