Malati Ò Gbọ́dọ̀ Kú

"Ẹ ò ní pa á! Bàbá, mo ní ẹ ò ní pa Malati!"

Àbẹ̀ní ti dìde. Ọwọ́ ẹ̀ gbá ife, tíì sì dà sórí tábìlì. Bàbá Phukan yára gbé ìwé rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Èmi ni mo dá a," bàbá náà jágbe. "Bó bá wù mí, mo lè pa á lẹ́ẹ̀mejì!"

"Ẹ dá a lóòótọ́. Ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní gbogbo Sátidé? Mo ń pa choir practice jẹ nítorí ẹ̀!"

Malati kì í ṣe ẹlẹ́ran ara o. Opó inú ìwé ni, ìyá àgbà ẹlẹ́nu mímú tó ń bú àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ bíi pé àna rẹ̀ ni wọ́n. Bàbá Phukan ló kọ ọ́ ní èdè Assam, ìyẹn èdè wọn ní India lọ́hùn-ún. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi jẹ́ lámèyítọ́ ìwé nílé lọ́hùn-ún. Ẹni tí bàbá kò bá bú ìwé rẹ̀, á ti bú ti ẹ̀gbọ́n onítọ̀hún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ Rupali ọmọ rẹ̀ ní Rusholme nílùú òyìnbó, ímeèlì ló fi ń bá àwọn òǹkọ̀wé ilé jà. Nígbà tóun náà wá kọ ìtàn tirẹ̀, ta ló fẹ́ kà á fún? Gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè náà ló ń dúró dè é pẹ̀lú ẹgba.

Ó wá ku Àbẹ̀ní, tí kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Bàbá á kà á, á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Àbẹ̀ní náà ń kọ eré fún ìjọ wọn ní Fallowfield, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Lọ́dún Àjíǹde kan, Rupali mú bàbá rẹ̀ wá wòran. Wọn ò tíì ṣàmín tán tí bàbá fi sọ fún Àbẹ̀ní pé, "Sátánì nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú eré ẹ. Áńgẹ́lì ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà báǹkì." Pásítọ̀ la ẹnu sílẹ̀. Àbẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì lọ tún áńgẹ́lì kọ. Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Lónìí, ìwé gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Ní ojú-ewé ìkẹyìn, odò Brahmaputra kún, ó gbé Malati lọ.

"Odò yẹn ń pa èèyàn lọ́dọọdún," ni bàbá wí.

"Ó gbé ilé ẹ̀ lọ ní orí kẹta, ṣé ó kú? Orí igi ló wà tó ń ṣépè fódò!"

"Ikú ló ń jẹ́ kí ìwé wúwo. Ta ló kọ́ ìwọ níṣẹ́ lámèyítọ́ ná?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìyẹn ni ẹ̀rù yín ò ṣe bà mí."

Rupali, tó ti ń nu tíì, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, ẹ fún un lésì o!"

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Bí kò bá kú, kí ló kù tó fẹ́ ṣe?"

"Ọmọ ẹ̀ tó bá a jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá! Ẹnu ọ̀nà! Ẹ ò sì mọ ohun tí Malati máa sọ fún un. Odò kọ́ ló pa á. Ẹ̀yin lẹ sá fún ẹnu ẹ̀."

Bàbá Phukan fa ojú-ewé ìkẹyìn ya.