Lẹ́tà tí Tíṣà Mú Bọ̀ láti Gàbọ́ọ̀n

Bí ènìyàn bá ti òkè òkun dé sí Abereke, ẹrù rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń wò kí a tó kí òun fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ kò ní tíì forí sọ èbúté tí ojú gbogbo ayé á ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé fóòmù ibùsùn rẹ̀ dání, ó ti dé pátápátá nìyẹn, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó bá gbé àpótí kan ṣoṣo, ìsinmi ló wá lò, yóò padà. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò tíì ṣì rí.

Àfi ìgbà tí Lawrence Olówòkéré dé.

Tíṣà ni Lawrence. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ àwọn ọmọ Abereke ní Gẹ̀ẹ́sì kí iléèwé ńlá kan ní Gàbọ́ọ̀n tó gbà á, pé kó wá fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ tiwọn. Ọjọ́ tó ń lọ, ìjọ gbàdúrà lé e lórí títí ẹni tó ń wa ọkọ̀ fi sùn lọ. Oṣù méje péré lẹ́yìn náà, lọ́dún 1986 tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ bí àgbọn gbígbẹ, ọkọ̀ Ìgbókòdá forí sọ èbúté, Lawrence sì bọ́ sílẹ̀ tòun ti àpótí kan.

"Ìsinmi ni!" ni gbogbo èbúté pariwo.

"Ìsinmi ni," ni Lawrence náà wí. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ o. Kò mọ̀ ni.

Ẹ má tíì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá iléèwé Gàbọ́ọ̀n pè é sí ọ́fíìsì. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gé kéèkì fún un. Ó gbé lẹ́tà gígùn kan lé e lọ́wọ́, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú lé e. Akọ̀wé kan tó wọ táì pupa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, àánú kún ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń sunkún lójú fèrèsé. Ṣé ènìyàn a máa gé kéèkì fún ẹni tó ń lé lọ ni? Bó bá sì jẹ́ ìsinmi, ẹkún ti kí ni? Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ Lawrence lójú. Ó gbé àpótí kan, ó fi fóòmù sílẹ̀ nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, bóyá ìsinmi ni.

Kí ló dé tí kò béèrè? Faransé ni lẹ́tà náà, Faransé sì ni akọ̀wé ń sọ. Nínú fọ́ọ̀mù tí Lawrence fi wá iṣẹ́, wọ́n bi í bóyá ó gbọ́ Faransé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa. Ọ̀rọ̀ méjì ló mọ̀ nínú èdè náà: "wí", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, àti "nọ́ọ̀, mẹ́sì", ìyẹn rárá, ẹ ṣé. Méjèèjì yìí ló fi lo oṣù méje, bí ẹni tó fi àjẹ̀ méjì tukọ̀ la òkun já.

Ó délé tán, ọjọ́ ń gorí ọjọ́.

"Bàbá Sárà," ni Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí, "ìsinmi yín yìí, ìgbà wo ló ń parí?"

"Ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ tó tó mélòó? Púpurú tí à ń jẹ ń tán nílé."

"Ìsinmi àwọn Faransé yàtọ̀ sí tiwa."

"Ìsinmi tí kò bá ti lópin, ẹ̀yin ọkọ mi, àìsàn ni wọ́n ń pè é."

Lọ́jọ́rú, Ọ̀gá Ògúnlànà, hẹ́dìmásítà iléèwé Abereke, rìn lórí afárá pákó wá sílé wọn. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Lawrence, tíṣà kíláàsì kẹfà ti lọ sí Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá gba orúkọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá ọ dúró lọ́hùn-ún, wí fún mi, kí n kọ tìrẹ. Bó bá sì jẹ́ ìsinmi, kí n kọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni kan láti ìlú Zion Pepe tó ń wáṣẹ́. Ẹni méjì kò lè jókòó sórí àga kan."

Lawrence bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bó bá gba àga yìí tó sì jẹ́ ìsinmi, ó pàdánù Gàbọ́ọ̀n. Bó bá kọ̀ ọ́ tó sì jẹ́ pé wọ́n ti lé e, ó pàdánù méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì nínú òmíràn, ọkọ̀ méjèèjì sì ń sún kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ Faransé ní Abereke: Rhoda, tó ti ń kó ẹja yíyan lọ tà ní Kútọnu láti ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n Rhoda kò mọ̀wé kà. Lawrence ló sì fà á. Nígbà tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé nírọ̀lẹ́, Rhoda kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ sí pátákó, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, Lawrence sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Rhoda pa ìwé dé. Kò wá mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Lawrence fi lẹ́tà sábẹ́ aṣọ, ó lọ bá a níbi tó ti ń yan ẹja.

"Àǹtí Rhoda, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Tíṣà Gàbọ́ọ̀n! Bọ́ńjùù! Kọ́mà sà và?"

"Wí," ni Lawrence dáhùn.

Rhoda rọra gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ní báwo ni nǹkan, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà."

"Ẹ̀n?"

"O kò gbọ́ ọ."

Lawrence wo ọ̀tún, ó wo òsì. "N kò gbọ́ ọ, Àǹtí."

Ẹ̀rín tí Rhoda rín, èéfín gba imú rẹ̀ wọlé, ó wúkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín lé ikọ́. Nígbà tó ráyè mí, ó na ọwọ́ sí agbọ̀n kan. "Jókòó síbẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, ìwọ ò gbédè. Ìwọ lo lójú, èmi ni mo létí. Kà á sókè!"

Lawrence tú lẹ́tà, ó gbé ohùn tíṣà wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí nìyẹn?" ni Rhoda wí.

"Faransé ni."

"Ẹlẹ́dàá mi! Ó ń dún bí ajá tó ń jẹ egungun. Ìdí ọ̀rọ̀ tí ò ń pè yẹn, n kò gbọ́ ọ rí ní Kútọnu. Gé e dànù, bí a ṣe ń gé ìrù ẹja."

Lawrence ń gé ìrù ọ̀rọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, òógùn bò ó. Lójijì Rhoda gbọ́wọ́ sókè.

"Dúró! Wọ́n ń yìn ọ́! Wọ́n ní àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ. Wọ́n ní ènìyàn jẹ́jẹ́ ni ọ́, o kì í báni jiyàn."

"Ìsinmi ni!" Lawrence fò dìde, agbọ̀n ṣubú.

"Ta ló ní kí o dìde? Ka ti ìsàlẹ̀."

Ó kà á. Ojú Rhoda yí padà.

"Wọ́n ní epo kò mówó wá mọ́. Ìjọba wọn gé owó iléèwé, àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì kọ́kọ́ gé. Iṣẹ́ rẹ ti parí níbẹ̀, Tíṣà. Pẹ̀lẹ́."

Lawrence wo ojú òkun lọ́hùn-ún, níbi tí iná àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ti ń jó lórí omi bó ṣe ń jó lójoojúmọ́. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n lù lórí. Síbẹ̀, nínú ìrora náà, ó tún ń mí kanlẹ̀. Ó kúkú ti mọ̀ wàyí. Àga kíláàsì kẹfà ṣì wà nílẹ̀.

"Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀," ni Rhoda wí. "Kà á tán."

Ó kà á tán. Rhoda ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Wọ́n ní iléèwé mìíràn wà ní ìlú kejì, tó ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì gbáko. Wọ́n ní akọ̀wé yóò bi ọ́ níbẹ̀ bóyá o fẹ́ ẹ, kí o dáhùn lójú ẹsẹ̀. Kí lo wí fún un?"

Lawrence ká lẹ́tà náà pọ̀. Ó ń rí akọ̀wé táì pupa lójú inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà bi í lẹ́ẹ̀kan, ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń nawọ́ síta, lápá ibi tí tábìlì kéèkì wà.

"Àǹtí," ni ó wí, "mo rò pé kéèkì ló ní kí n tún jẹ ni. Mo sì ti yó. Mo ní nọ́ọ̀, mẹ́sì."

Rhoda kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ẹja kan padà lórí iná, ó yí òmíràn.

"Àwọn ló lé ọ dé ìdajì ọ̀nà, Tíṣà. Ìwọ lo lé ara rẹ dé Abereke."

"Àǹtí Rhoda, ẹ̀rín tí mo fi yín rín ní kíláàsì ọjọ́sí…"

"Máa lọ. Ẹja mi ń jóná."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Moríkẹ́ fi ọkọ̀ kékeré gbé e lọ sí iléèwé, ó sì dúró dè é lórí omi. Lawrence ti to òtítọ́ rẹ̀ sẹ́nu: wọ́n dá mi dúró, ẹ kọ orúkọ mi. Kò tíì wọlé tán tí Ọ̀gá Ògúnlànà fi dì mọ́ ọn.

"Lawrence! Mo ti kọ orúkọ rẹ! Ìwé ìjọba dé lánàá. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Faransé, iléèwé tó bá ní ẹni tó gbọ́ ọ ni wọn yóò fún ní àga tuntun, owó oṣù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi. Mo ti gbé kíláàsì kẹfà fún ará Zion Pepe. Ìwọ ni tíṣà Faransé wa!"

Ohun tí Lawrence wá gbà ti lọ. Èyí tí kò tọ́ sí i ló wà lórí tábìlì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Ó wo orúkọ náà. Ó wù ú.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "n kò gbọ́ Faransé."

"Ìrẹ̀lẹ̀!"

"Rárá o. N kò gbọ́ ọ rárá."

"Ó dáa, sọ díẹ̀ kí n gbọ́."

"N kò gbọ́ ọ, kí ni n ó sọ?"

"Bí o kò bá sọ ọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé o kò gbọ́ ọ?"

Lawrence fa lẹ́tà yọ, ó kà á tìrù-tìrù, bí ajá tó ń jẹ egungun. Ọ̀gá Ògúnlànà, tí òun náà kò gbọ́ nǹkan kan, pàtẹ́wọ́. "Ó dùn bí oyin!"

Ó wá di dandan kí Lawrence jókòó, kó sì sọ gbogbo rẹ̀: fọ́ọ̀mù, Rhoda, akọ̀wé, kéèkì. Bó ṣe dé orí kéèkì, Ògúnlànà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó mú gègé, ó fa ìlà lórí orúkọ náà, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lóde, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ìjọba ti ń dún bọ̀.

"Tíṣà kíláàsì kejì ń lọ bímọ," ni ó wí níkẹyìn. "Rọ́pò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà ò mọ̀."

"Ẹ ṣé, Ọ̀gá."

Moríkẹ́ rí i lókèèrè, ó nàró nínú ọkọ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

Lawrence wọ ọkọ̀, ó jókòó. "Kò sí ìsinmi kankan, Ìyá Sárà. Iṣẹ́ ti parí ní Gàbọ́ọ̀n. Wọ́n tún fún mi ní òmíràn, mo kọ̀ ọ́, n kò mọ̀ pé mo kọ̀ ọ́. Ọ̀gá Ògúnlànà náà fún mi ní iṣẹ́ ńlá kan láàárọ̀ yìí, mo kọ ìyẹn pẹ̀lú, mo sì mọ̀. Mo rí ti oṣù mẹ́ta."

Moríkẹ́ ki àjẹ̀ bọ omi, ó tún fà á yọ. Omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Bàbá Sárà, ṣé kí n bá yín yọ̀ ni, àbí kí n bá yín sunkún?"

"Máa tukọ̀ ná," ni Lawrence wí. "Bí mo bá mọ̀ ọ́n kí a tó délé, n ó sọ fún ọ."