Ìyá Tí Kò Tíì Tó Iléèwé Lọ

Ọjọ́ tí mo rán etí aṣọ ọmọ mi mọ́ ṣòkòtò oníbàárà ni ọkọ mi sọ pé ọmọ náà ti tó jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Abẹ́ máṣìnnì mi lọmọ ọdún mẹ́ta yẹn máa ń jókòó sí látàárọ̀. Bí píìnì bá bọ́ lọ́wọ́ mi, màá kàn tẹ́ ọwọ́ sísàlẹ̀, á sì fi lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, oníbàárà ká ṣòkòtò sábíyá, ó kọrí sóde, ọmọ sì tẹ̀ lé e tipátipá dé ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà wò ó títí. “Ìyá aránṣọ, èyí ò sí lára ohun tí mo ní kẹ́ ẹ rán.”

Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi lọ jẹ́lé-ó-sinmi, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa rán ọmọ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi, màmá onígíláàsì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, dán ọmọ wò. Ó ní kó bọ́ bàtà, ó bọ́ ọ. Ó ní bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́ ńkọ́? Ọmọ ní òun á sọ fún àǹtí.

“Ó yege,” ni màmá wí. “Ó ku ìyá.”

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ó ní kí n rìn láti géètì dé ìsọ̀ mi ní ìkángun òpópónà, kí n má bojú wẹ̀yìn. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, wọn ò ní gba ọmọ.

Lọ́jọ́ kìíní, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, mo ti wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn, mo sì fi ìdí gbá bàbá tó ń kun ògiri. Gbogbo ọ̀dà rẹ̀ dà lé mi lórí. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé dígí gbọ̀ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn síwájú. Láti géètì ni màmá ti rí ojú mi nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ ti tó iléèwé lọ, ìyá kò tíì tó, kí wọ́n mú ìyá náà wá sí kíláàsì.

Mo fẹjọ́ sun ọkọ mi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu: ó ra báàgì iléèwé fún mi.

Àga wọn kéré débi pé bí mo bá dìde, àga á bá mi dìde. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dágbére: ju ọwọ́, kọ ẹ̀yìn sí i, máa lọ. Gbogbo kíláàsì mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mo gbẹ́yìn. Ọmọ mi ò tiẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni ìyá òun.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó wá bá mi ní géètì, ó fi apá aṣọ nu imú mi.

“Màmá, ẹ máa lọ. Mi ò ní sunkún. Ẹ̀yin náà, ẹ má sunkún.”

Ó ju ọwọ́ sí mi, ó wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó dùn mí dé eegun.

Èmi náà rìn, mi ò bojú wẹ̀yìn, mo sì yege. Mo jókòó sídìí máṣìnnì, iṣẹ́ ń lọ geerege. Píìnì kan bọ́. Mo tẹ́ ọwọ́ sísàlẹ̀, mi ò wolẹ̀, mo ń dúró.

Ó pẹ́ kí n tó fa ọwọ́ náà padà.